Ìdíje Àgbáyé àti Àwa Ará Ọ̀rẹ̀: Kí Ni Iṣẹ́ Ìjọ Níbẹ̀?

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ nǹkan sí i, ọ̀rọ̀ ìjọ àti ìgbé-ayé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ní kí a gbé yẹ̀ wò. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, a sì rí i pé kò sí ohun tí ó gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó lónìí tó eré ìdárayá, pàápàá jù lọ bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn: nígbà tí ìdíje ńlá láàrin àwọn orílẹ̀-èdè bá ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ wa, kí ni iṣẹ́ ìjọ níbẹ̀, kí sì ni iṣẹ́ ará ìlú?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfigbádùn lásán. Nàìjíríà béèrè pé kí wọ́n gbé Ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2014 wá sí Àbújá. Nígbà tí wọ́n dìbò ní ìlú Colombo ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, ìbò 24 ni a ní, Glasgow sì ní 47. A tún béèrè ti ọdún 2030. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìlú Ahmedabad ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n gbé e fún. Láti ọdún 1930 tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Hamilton, ní ilẹ̀ Kánádà, kò tíì wá sí Áfíríkà rí. Durban, tí ó yẹ kí ó gbà á ní ọdún 2022, kò lè ṣe é, wọ́n sì gbé e lọ sí Birmingham. Nísinsìnyí, ọdún 2034 ni ojú àwọn aláṣẹ wa wà. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò ti tó ọmọ ogún ọdún tàbí kí ó sún mọ́ ọn nígbà náà. Ọjọ́ orí eléré ìje gan-an nìyẹn. Ẹni tí yóò bá gba àlejò ní ọ̀túnla, òní ni ó yẹ kí ó ti máa gbálẹ̀.

Ojú méjì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa fi ń wo irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a ní ohun ayé ni, pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Wọn a ní ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn a sì ní ọtí àti tẹ́tẹ́ ni ó yí i ká. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, a ó sì padà sí i. Àwọn kejì ni àwọn tí ó jẹ́ pé àdúrà ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí Nàìjíríà bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọn a kéde ààwẹ̀, wọn a ṣe ìṣọ́ òru, wọn a de ẹsẹ̀ àwọn alátakò mọ́lẹ̀ nínú àdúrà. Bí a bá borí, ẹ̀rí di rẹpẹtẹ. Bí wọ́n bá borí wa, wọn a dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìjọ kan ti ń gbààwẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ kí a lè borí Ghana, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ tí ó wà ní Kumasi ń gbààwẹ̀ kí wọ́n lè borí wa. Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń ké pè. Kò sí baba rere tí yóò bá ọmọ rẹ̀ kan pète pé kí ẹsẹ̀ èkejì dá nítorí bọ́ọ̀lù.

Ojú kẹta wà, òun ni a bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa fi wò ó. Ìdíje ńlá jẹ́ àkókò àlejò. Àlejò gbígbà sì wà lára iṣẹ́ tí a fi lé ìjọ lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Nínú ìwé rẹ̀ kìn-ín-ní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ní orí kẹsàn-án, Pọ́ọ̀lù fi àwọn sárésáré àti àwọn akànṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ ìgbé-ayé onígbàgbọ́. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Nítòsí Kọ́ríńtì ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje Isthmia ní ọdún méjì-méjì, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a sì ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí mọ ohun tí ó ń sọ. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sì sọ fún wa pé àgọ́ pípa ni iṣẹ́ ọwọ́ tí òun pẹ̀lú Àkúílà àti Pírísílà ń ṣe ní ìlú náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé àwọn àlejò ìdíje wà lára àwọn tí ń ra irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ láti sùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àpọ́sítélì náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran ibùsùn àwọn tí ó wá wòran, ó sì ń rí wọn bá sọ̀rọ̀ Olúwa.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ ni ó dá díẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Inú ìjọ Wẹ́síléì kan ní Birmingham ni Aston Villa ti jáde ní ọdún 1874. Inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti St Domingo ní Liverpool ni Everton ti jáde ní ọdún 1878. Inú ìjọ Áńgílíkà ti St Mary ni Southampton ti jáde ní ọdún 1885. Ìjọ kò sá fún pápá nígbà náà.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì foríbalẹ̀ fún un. Eric Liddell, ọmọ Scotland tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ṣáínà, kọ̀ láti sá eré 100 mítà ní Ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní ọdún 1924, nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ sí. Ó sá 400 mítà dípò rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ìṣẹ́jú-àáyá 47.6. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó lọ ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Ṣáínà. Ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1945, nínú àgọ́ tí àwọn ọmọ-ogun Japan kó àwọn àjèjì sí. Ọkùnrin yìí mọ ibi tí eré dé, ó sì mọ ibi tí ìgbàgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ máa tọ́.

Ilẹ̀ wa náà ti gba àlejò rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì wáyé ní Èkó. Ní ọdún 1980, Ife Àwọn Orílẹ̀-èdè Áfíríkà wá sí Èkó àti Ìbàdàn, a sì fi àmì ayò 3 sí 0 borí Algeria ní àṣekágbá. Ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí ó yẹ kí ó wá ní ọdún 1995 kò wá mọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù àrùn ń bà wọ́n, wọ́n sì gbé e lọ sí Qatar. Oṣù kẹrin ọdún 1999 ni ó tó dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi Xavi àti Ronaldinho sì wà lára àwọn tí ó wá.

Ti ọdún 2009 ni ó sún mọ́ wa jù lọ. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún náà, ife àgbáyé ti àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ wáyé ní ìlú mẹ́jọ ní Nàìjíríà. Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èkó, Enúgu àti Kàlàbá náà wà níbẹ̀. Neymar, tí àwọn ọmọ wa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ, wà lára àwọn ọmọ Brazil tí ó wá. Àwọn ọmọ wa dé àṣekágbá ní Àbújá, Switzerland sì fi àmì ayò kan ṣoṣo borí wọn. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ọ̀nà tí ó so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Enúgu tàbí Kàlàbá, yóò gba Ṣàgámù, yóò kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde, yóò sì dé Ọ̀rẹ̀ kí ó tó rí Bìní. Ẹnu ọ̀nà wa gan-an ni àwọn tí ó ń fi ọkọ̀ lọ wòran ń gbà kọjá. Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Bìní sì bàjẹ́ ní àkókò náà débi tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sójú ọ̀nà. Ìjọ tí ó bá gbé tábìlì omi àti àga ìsinmi síta ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti wàásù ju ẹni tí ó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo láti òru di òwúrọ̀ lọ.

Ìlú London fi apá méjì ọ̀rọ̀ yìí hàn wá, ó sì kan àwọn ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2005 ni wọ́n kéde pé London ni yóò gba Ìdíje Òlíńpíìkì ti ọdún 2012. Ìjọ KICC, tí Pásítọ̀ Matthew Ashimolowo jẹ́ olórí rẹ̀, ní ilé ìjọsìn tí ó gba nǹkan bí 4,000 ènìyàn ní òpópónà Waterden ní Hackney. Ilẹ̀ náà bọ́ sí àárín ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọgbà ìdíje sí. Ìjọba san owó ilẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, ìjọ ní láti kó kúrò. Bákan náà ni wọ́n wó ilé àwọn ènìyàn tí ń gbé ní Clays Lane, nítòsí ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìdíje àgbáyé kì í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá dé, ó dé pẹ̀lú katakata tí ń wólé, ìlú tí kò bá ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ yóò kàn gbọ́ pé wọ́n ti pín ilẹ̀ tán ni.

Apá kejì dùn ún sọ. Àwọn ìjọ onírúurú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní More Than Gold. Lára iṣẹ́ wọn ni pé kí àwọn onígbàgbọ́ ṣí ilé wọn sílẹ̀ fún ẹbí àwọn eléré tí kò lágbára láti sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Ìyá tí ó ti orílẹ̀-èdè tálákà wá wo ọmọ rẹ̀ a rí ibùsùn, a sì rí oúnjẹ jẹ. Ìdíje yẹn kan náà ni Anthony Joshua, tí ìdílé bàbá rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, ti gba wúrà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Àwọn wọ̀nyí kò béèrè ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Àwa ńkọ́? Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún Ọ̀rẹ̀ ni oríta. Ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa pàdé ọ̀nà Èkó àti Bìní níbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó mọ̀ pé Ọ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Síbẹ̀, òwe tí àwọn ènìyàn fi ń rántí orúkọ ìlú wa kì í ṣe ti oúnjẹ. "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ni wọ́n ń wí, nítorí ogun tí ó dé ibí ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti ń gbọ́ ọ. Yóò dára bí àwọn tí a kò tíì bí bá lè rí nǹkan mìíràn fi rántí wa, kí wọ́n máa sọ pé bí ọ̀nà bá jìn, bí ó bá rẹ àlejò, ará Ọ̀rẹ̀ yóò gbà á sílé.

Ẹnì kan lè sọ pé Àbújá jìnnà, pé kò sí ohun tí ó kàn wá. A dá a lóhùn pé kò sí eléré tí wọ́n bí sínú pápá ìṣeré ńlá. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì tí ń jẹ́ Our Lady of Apostles ni ó lọ ní ìlú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sá eré 100 mítà tí a ń fo igi nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tí ó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ lójú ọ̀nà tiwa yìí náà ni.

A ti ní a ó padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ̀rù ń bà. Ìdí wà fún ẹ̀rù wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti gba ìlú kan. Owó oúnjẹ, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ọmọdékùnrin ń kó lọ síbẹ̀, ìdíje ńlá a sì máa mú kí iná náà ràn sí i. Èkejì ni àwọn ẹlẹ́tàn tí ń pe ara wọn ní aṣojú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù òkè òkun. Wọn a gba owó lọ́wọ́ òbí, wọn a ní ẹgbẹ́ ńlá kan ń dúró de ọmọ náà, wọn a sì já a sílẹ̀ ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń fi ọmọbìnrin ṣòwò, àwọn tí ìjọba dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti dojú kọ. Oríta kan náà tí àlejò ń gbà kọjá ni àwọn wọ̀nyí ń gbà. Ìwàásù pé kí ọmọ má wo bọ́ọ̀lù kò lè dá wọn dúró. Ẹni tí yóò dá wọn dúró ni àgbàlagbà tí ó mọ orúkọ ọmọ náà, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù, tí òbí sì lè sáré tọ̀ lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Èyí ni ó gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ́kàn wa ní àjọ̀dún yìí. A gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ń dábàá pé kí a gé apá kan lára pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa, èyí tí ó kọjú sí títì, kí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí owó rẹ̀ lè máa tún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Àwọn tí ó mú àbá yìí wá kì í ṣe ọ̀tá ilé-ẹ̀kọ́. Òrùlé ń jò, àga kò tó, owó ìjọba kì í dé bọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ojú títì ní Ọ̀rẹ̀ sì ti di wúrà. Bí a bá ta kò wọ́n láìmú ọ̀nà mìíràn wá, ariwo lásán ni a pa.

Síbẹ̀, a bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣe é. Pápá tí ó gba eré ìje 400 mítà ń fẹ́ nǹkan bí mítà 177 ní gígùn àti 93 ní ìbú. Kò ṣe é gé. Bí a bá yọ mítà mẹ́wàá péré kúrò lára rẹ̀, kò ní gba eré náà mọ́, a kò sì ní rí i rà padà láé. Yàrá tí ó jò ṣe é tún ṣe lọ́dún tí ń bọ̀. Ilẹ̀ tí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé lórí ti lọ nìyẹn. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà tí igbó ti bò wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀pẹ àti kòkó ni ilẹ̀ wa. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó jáde ní ọdún kọ̀ọ̀kan gba apá kan níbẹ̀, kí wọ́n gbin ọ̀pẹ sí i, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó so, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yóò wọlé láìgba ibi ìṣeré lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Kí ó tó so, kí a dá owó òrùlé láàrin ara wa. Àwa tí a ń ná owó lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní gbogbo ọdún kò lè sọ pé a kò ní.

Bí pápá bá wà, iṣẹ́ yòókù kò ṣòro. Kí àwọn ìjọ Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó, pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé ìlú, máa pàdé níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù fún ìdíje àwọn ọmọdé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí a sì kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ti òbí rẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn amòfin tí ó wà láàrin wa gbà láti ka ìwé àdéhùn èyíkéyìí tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá fún ọmọ eléré, láìgba kọ́bọ̀. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí orúkọ ilé tí ó lè gba àlejò sùn wà nínú rẹ̀, kí a sì kọ́kọ́ lò ó fún àwọn arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ wọn bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bí Ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì bá dé ní ọdún 2034, yóò bá wa lẹ́nu iṣẹ́ tí a ti ń ṣe. Bí kò bá dé, kò sí ohun tí ó ṣòfò. Àwọn ọmọ yóò ti ṣeré, a ó ti mọ orúkọ wọn, àjèjì yóò sì ti rí ibi sùn.

Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ń bọ̀ ní òpin àjọ̀dún yìí, ọ̀rọ̀ pápá náà yóò sì wá sí iwájú. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dá sí i lọ sí pápá ní ọ̀sán ọjọ́ kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí wọ́n fẹ́ gé, kí ó sì ka iye ọmọ tí ó bá níbẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti yàn. Àmín.